Oorun Tí Mo Ní Mo Sùn

Fèrè ilé iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní Ìkẹjà ìgbà yẹn, kí wọ́n tó sọ púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà di ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn ìnáwó, fèrè á dún láàárọ̀, á dún lọ́sàn-án, á tún dún nírọ̀lẹ́. Bó bá ti dún báyìí, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ á da iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn mìíràn á wọlé rọ́pò wọn. Ojú fèrèsé wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn wa ni mo ti máa ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń jáde, tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń ra ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo máa ń káàánú wọn. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé iṣẹ́ àwọn èèyàn yìí mà le o. Èmi tí mò ń káàánú wọn yìí, ó ṣeé ṣe kí n ti wà lórí ìdúró láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, nítorí pé kò sí fèrè tó ń dún fún tiwa.

Mò ń kọ́ iṣẹ́ abẹ nígbà náà ni. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ṣọ́jà ti padà sí bárékè, gbogbo wa sì gbà pé nǹkan máa dáa kí ọdún tó yípo. Fóònù alágbèéká kò tíì pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Àwa mẹ́rin ló yẹ ká máa kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá wa, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti gba ìlú òyìnbó lọ, ọ̀kan ti gba Saudi lọ, iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin wá kù sọ́rùn èmi àti ẹnìkan. Bó bá di pé ẹnìkejì mi lọ sínmi, èmi nìkan ni dókítà abẹ tó kù nílẹ̀, àti ìka tí ẹ̀rọ gé ní Ògbà àti ìfun tó dí láti Agége, ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ sí.

Ẹ má rò pé mò ń ráhùn. Inú mi dùn nígbà yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. A ní yàrá kékeré kan tí a fi ń sinmi, ibùsùn kan ló wà nínú rẹ̀, fóòmù rẹ̀ ti jin láàárín bí àwo ọbẹ̀, kẹ́tùlù oníná kan sì wà níbẹ̀ tí iná rẹ̀ máa ń gbáni lọ́wọ́ bí èèyàn kò bá wọ bàtà. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá náà ni a ti ń fa ìlà. Òru kọ̀ọ̀kan tí o bá fi ṣiṣẹ́ láìdijú rárá, wàá fi bírò fa ìlà kan sábẹ́ orúkọ rẹ. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ṣáájú wa ló dá a sílẹ̀, ìlà tiwọn ṣì wà lókè, ó ti ṣá. Lọ́jọ́ tí ìlà tèmi fi ọ̀kan ju ti ẹnìkejì mi lọ, mo rìn la wọ́ọ̀dù kọjá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè.

Ọ̀gá wa kò mọ̀ nípa ìlà náà, ṣùgbọ́n òun ló fi ẹ̀mí rẹ̀ sínú wa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí aṣọ rẹ̀ kì í rún. Kì í kúrò nídìí aláìsàn láìfọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó tutù. Bó bá rí ẹni tó ń yán nínú wa, á ní: "Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó lọ ṣiṣẹ́ báǹkì ní Opebi." Àwa náà á rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń lọ ilé kí ọ̀gá tó lọ, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé ó rẹ òun. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ló ń bi wá nípa oorun. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣàkóso yàrá iṣẹ́ abẹ ni, obìnrin Èkìtì kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tíátà. Bí o bá ti dúró nídìí omi tí o ń fọ ọwọ́ kí o tó wọlé lọ mú abẹ, á wá dúró tì ọ́, á ní: "Dókítà mi, ìgbà wo lo sùn gbẹ̀yìn?" Ìdáhùn kan náà ni gbogbo wa ní. "Mo sùn dáadáa, Mà." Bí ẹni ń ṣe àmín ni. Á wo ojú rẹ díẹ̀, á sì kúrò lọ́nà. Ọdún kejì rèé tó ti ń bi mí, ìkíni ni mo pè é.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀kadà gbé Àlàájì dé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ní ilé búrẹ́dì ní Agége, nítòsí ojú irin. Kò tíì dé Mẹ́kà rí. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àlàájì, òun náà sì ní òun á lọ lọ́jọ́ tí búrẹ́dì bá yọ̀ǹda òun. Fùláwà kún irun ojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó fi ìborí tirẹ̀ di ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀, ìborí náà sì ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀. Gíláàsì àpótí tí wọ́n ń to búrẹ́dì sí ló fọ́, ó sì gé e ní ọrùn ọwọ́, lápá inú.

Kò sunkún. Ohun tó ń sọ ni: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yìí ni mo fi ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu fùláwà."

Mo ní kó ṣàlàyé, bí mo ti ń wẹ ojú ọgbẹ́ náà. Ó ní àwọn oníbúrẹ́dì mìíràn máa ń wo aago láti mọ ìgbà tí fùláwà tí wọ́n pò ti tó wọ ààrò. Òun kì í wò ó. Ìka ìfábẹ̀lá òun lòun fi ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti rí lábẹ́ ìka, bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó, bó bá ti ń padà sókè, òun á mọ̀. Ọwọ́ bàbá òun lòun ti kọ́ ọ. Mo ní kó máà ṣèyọnu.

Òru méjì ni mo ti fi ṣiṣẹ́ ṣáájú àárọ̀ yẹn. Ọ̀gá fẹ́ lọ sí ìpàdé kan ní Alausa, ó wo ọgbẹ́ náà, ó wò mí. "Ṣé wàá lè ṣe é?" Ta ló máa sọ pé òun ò lè ṣe é? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní: "Màá ṣe é, Sà."

Màmá Tíátà bá mi nídìí omi. "Dókítà mi, ìgbà wo lo sùn gbẹ̀yìn?"

"Mo sùn dáadáa, Mà."

A fún Àlàájì lábẹ́rẹ́ tó mú apá rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì ń bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nípa ìrun Jímọ̀ tó ń kọjá lórí òun. Ẹni tí kò bá mọ inú ọrùn ọwọ́ kò ní mọ bí okùn ibẹ̀ ti pọ̀ tó. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni iṣan tó ń fa ìka àti ọwọ́. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí kì í fa nǹkan kan. Òun ló ń gbé ohun tí ìka bá fọwọ́ kàn lọ sínú ọpọlọ, bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, bóyá ó le tàbí ó rọ̀. Iṣan ìmọ̀lára nìyẹn. Gbogbo wọn ló funfun, gbogbo wọn ló tẹ́ẹ́rẹ́, bí gíláàsì bá sì gé wọn, orí wọn á fà sẹ́yìn, á sá pamọ́ sínú ẹran. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wá orí kọ̀ọ̀kan rí, kí n rán an mọ́ èkejì rẹ̀.

Mo ṣe dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo tòògbé, orí mi já wálẹ̀ síwájú. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Màmá Tíátà ní: "Dókítà mi, ṣé ká dúró díẹ̀?" Mo ní: "Rárá, Mà, a ti ń parí." A parí lóòótọ́. Mo rán awọ náà, ó gún régé, ó dùn ún wò. Kí n tó lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, mo wọ yàrá wa, mo fa ìlà méjì lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Omole ni mò ń gbé. Mo wọlé, mo ṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, mi ò sì mọ ohunkóhun mọ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀wà fún mi. Mo ti jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta nínú rẹ̀ kí ọrùn ọwọ́ Àlàájì tó padà wá sójú mi, kedere, bí ẹni ṣí fèrèsé. Iṣan ìmọ̀lára máa ń ní fọ́nrán ẹ̀jẹ̀ pupa kan lẹ́yìn, tín-ín-rín báyìí. Iṣan tó ń fa ọwọ́ kì í ní in, dídán ló máa ń dán. Nínú àwọn orí méjì tí mo rán pọ̀ gbẹ̀yìn, ọ̀kan ní fọ́nrán pupa náà. Èkejì ń dán.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní: "Kí ló dé?" Mo ti abọ́ ẹ̀wà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ohun tó sì kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ohun tó dáa. Mo ronú pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí ìka Àlàájì bá kú títí láé, gbogbo ayé á ní gíláàsì ló ṣe é. Ọ̀gá á ní ó ṣeni láàánú. Mo lè jẹ ẹ̀wà mi tán. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá tú u láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìka tó ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu fùláwà á di igi, èmi nìkan láyé yìí ló sì mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù mi, mo jáde.

Màmá Tíátà wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Kò pariwo. Ó ní: "Ọmọ mi, mo bi ọ́."

"Ẹ bi mí, Mà."

"Kí lo sọ fún mi?"

"Mo ní mo sùn."

Ó gbé fóònù orí tábìlì, ó tẹ nọ́ńbà ọ̀gá, ó sì nà án sí mi.

Ọ̀gá dé kó tó pé wákàtí kan. Ó bú mi, ó bú mi, ó bú ẹni tó fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Ó ní: "Bó bá ti rẹ̀ ọ́, kí ló dé tí o ò sọ?" Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu. Mo ní: "Ẹ ní kí ẹni tó bá fẹ́ sùn lọ ṣiṣẹ́ báǹkì ní Opebi, Sà." Màmá Tíátà bojú wo ilẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa lé mi lọ́jọ́ yẹn gan-an ni. Ọ̀gá kàn jókòó. Ó ní: "Lọ sọ fún un. Ìwọ fúnra rẹ."

Àlàájì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó rẹ̀ ń bó ọsàn fún un. Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo sọ pé mo ti rán nǹkan méjì tí kò yẹ kí wọ́n jọ pàdé, pé àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe ti gíláàsì, pé a ní láti tú u kí a tún un rán. Ìyàwó rẹ̀ da ọsàn sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Àlàájì wò mí títí.

"Dókítà, ẹ ti sùn báyìí?"

"Mo ti sùn."

"Ẹ wò mí lójú kí ẹ tó sọ ọ́."

Mo wò ó lójú. "Mo ti sùn, Àlàájì."

Ó mí kanlẹ̀. "Fùláwà téèyàn ò bá jẹ́ kó sinmi, bó ti wù kí ààrò gbóná tó, kì í wú. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Ẹ̀yin dókítà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni?" Ó wá ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí n wà níbẹ̀.

Ọ̀gá ló ṣe é, èmi ni mo bá a di ẹran mú. Nígbà tó tú u, ó fi ẹnu ohun èlò tọ́ka sí fọ́nrán pupa náà, ó sì wò mí. Ó wá èkejì rẹ̀ gan-an rí, ó sì rán an mọ́ ọn. Ó sọ fún mi pé iṣan ìmọ̀lára máa ń hù díẹ̀díẹ̀ ni, pé ó lè gba oṣù púpọ̀ kó tó dé orí ìka, ó sì lè máà dé. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló wọ yàrá wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí ìlà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó béèrè pé kí ni, a sì sọ fún un. Ó béèrè fún òwú àti sípírítì. Ó nu gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàwa àti tàwọn tó ti lọ, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń nù ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó bá ṣiṣẹ́ mọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ní ọ̀sán. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọwọ́ tí ẹ̀rọ gbá mú lára òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ la fi gbogbo ọdún rán, a ò wo ara wa.

Láti ìgbà náà ni Àlàájì ti ń wá fún àyẹ̀wò lóṣooṣù. Mo ṣì ń rántí bí yàrá àyẹ̀wò ṣe máa ń ta sánsán, nítorí pé kì í wá lọ́wọ́ òfo. Búrẹ́dì gbígbóná nínú bébà ni. Màmá Tíátà á ya ìdí rẹ̀, ọ̀gá pàápàá á dìbọ́n bí ẹni ń kọjá lọ. Lẹ́yìn náà màá ní kí Àlàájì di ojú, màá fi abẹ́rẹ́ gún un lórí ìka lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lóṣù kẹta, ó ní: "Ó gún mi." Mo gún un lórí ìka ìfábẹ̀lá. "Ó gún mi." Mo kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀. Lóṣù kẹrin, bẹ́ẹ̀ náà ni. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ sọ fún ọ̀gá. Lóṣù karùn-ún, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Mo ní Ọlọ́run ti fi orí jì mí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo mú ọ̀nà Agége pọ̀n láti lọ kí i láìròtẹ́lẹ̀. Mo ń yan kọjá lójú irin, mo ti sùn dáadáa lóru, mo ń jẹ gúgúrú. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, Àlàájì kò tíì rí mi. Ó dúró nídìí pákó tí wọ́n kó fùláwà lé. Ọwọ́ òsì ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọn orí, ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá bá òun fọwọ́ kàn án wò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, lórí páànù tó gbóná. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ti léròrò, kò sì mọ̀.

Mo sáré fa ọwọ́ náà kúrò. Ó wò mí, ó wo ìka náà, ó sì rẹ́rìn-ín ìtìjú.

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹ ti ń sọ fún mi pé ó ń gún yín," mo ní. "Ẹ sì ń mọ̀ ọ́n gan-an. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ máa ń sé èémí kí ẹ tó gún mi, dókítà. Mo máa ń gbọ́ ọ."

Mo ní kí ló dé tó fi ń purọ́ fún mi. Ó jókòó lórí àpò fùláwà, ó sì na ọwọ́ kí n jókòó. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ gún mi, ojú yín rí bíi tẹni tí kò tíì sùn láti ọjọ́ tí ẹ ti kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo ní kí ẹ lè sùn ni."

Mo sunkún nínú ilé búrẹ́dì yẹn, lójú àwọn tó ń pò. Ojú ò tilẹ̀ tì mí.

Ọdún ti gorí ọdún. Èmi náà ti di ọ̀gá, irun mi ti funfun, Màmá Tíátà sì ti fẹ̀yìn tì sí Èkìtì. Èmi ni mo ń dúró nídìí omi báyìí tí mò ń bi àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ pé ìgbà wo ni wọ́n sùn gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá yára dáhùn jù ni mo máa ń dá padà. Wọ́n máa ń bínú sí mi, ara wọn ń gbóná bí ara tiwa ti gbóná. Mo sì máa ń ṣàárò ìgbà yẹn o, mi ò ní sẹ́. Mo ń ṣàárò kẹ́tùlù tó ń gbáni lọ́wọ́, òórùn búrẹ́dì nínú yàrá àyẹ̀wò, àti bí mo ṣe gbà pé ara mi kò lè rẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀lé ọjọ́ tí mo lọ sí Agége, Àlàájì tún wá. Mo mú fáìlì rẹ̀, mo fi ìlà pa gbogbo ohun tí mo ti kọ láti oṣù kẹta rẹ́. Ó di ojú. Mo ń mí bí mo ti ń mí, mo ń bá a sọ̀rọ̀ nípa òjò, mo sì gún un lórí àtàǹpàkò. Ó ní: "Ó jọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀." Mo kọ ọ́. Mo gún un lórí ìka àárín. Ó ní: "Díẹ̀." Mo kọ ọ́.

Mo gún un lórí ìka ìfábẹ̀lá. Kò sọ nǹkan kan. Mo tún un gún, ẹ̀jẹ̀ rú jáde díẹ̀.

"Àlàájì, ṣé ó gún yín?"

Ó la ojú, ó wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó wo ojú mi.

"Rárá, dókítà."

Mo kọ ọ́ sínú fáìlì: rárá.